Owó tó mọ́ jù: ìtàn ṣéńjì, kóló mi, àti ọba tí kò lo ọdún kan

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi tó ń gbé ní Peckham fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n fún un ní ṣéńjì, ó wá rí owó pupa kan láàárín rẹ̀: 2p, ọdún 1971. 1971 o! Ojú Ọbabìnrin Elizabeth ṣì yọ kedere lára rẹ̀, bíi pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Àǹtí wá kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé, "Owó yìí dàgbà jù ẹ́ lọ, ó ṣì ń ná."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo yẹ àpò mi wò. Mo yẹ pọ́ọ̀sì mi wò. Mo yẹ orí fìríìjì tí mo máa ń ju owó sí wò. Kò sí owó onírin kankan níbẹ̀. Kò sí ti 1971, kò sí ti èṣí pàápàá. Tí mo bá ra nǹkan 950 náírà, tí mo fún wọn ní 1,000, TomTom ni wọ́n á kó lé mi lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ padà wá gba ṣéńjì yín tó bá yá." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í yá.

Ohun tó gbé mi dénú ìtàn yìí nìyẹn. Kí ló dé tí èèyàn lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Lọ́ndọ̀nù kó sì bá owó tó ju àádọ́ta ọdún lọ pàdé nínú ṣéńjì rẹ̀, táwa ò sì rí owó onírin kankan gbà rárá? Òwú yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ wá ibi jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kóló mi.

Ọdún 2007, mo wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní February 28 ọdún yẹn, CBN kó owó onírin tuntun jáde: àádọ́ta kọ́bọ̀, náírà kan, náírà méjì. Ẹni tó bá ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún láàárín yín máa rántí wọn. Náírà kan àti náírà méjì jẹ́ aláwọ̀ méjì, àwọ̀ kan wà láàárín, òmíràn yí i ká. Herbert Macaulay ló wà lára náírà kan. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá ló wà lára náírà méjì. Àgbàdo ló wà lára àádọ́ta kọ́bọ̀. Lójú èmi ọmọdé, kò tíì sí owó tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Wọ́n fún bàbá mi nínú rẹ̀ ní báńkì. Ó gbé e dé ọjà, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbọ́ọ̀sì ò gbà á. Alátaa ò gbà á. Ló bá ń kó o fún mi, ó ra kóló onígi kan fún mi, ó ní kí n máa fi pamọ́, pé tó bá kún, ma fi ra kẹ̀kẹ́. Mo gbà á gbọ́. Lálaalẹ́ ni mò ń mi kóló yẹn létí kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni mo fọ́ ọ. Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹta: náírà mẹ́rìndínláàádọ́wàá ó dín mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: 182. Kẹ̀kẹ́ ò ṣeé ṣe, mo ní kí n kúkú ra bisikíìtì. Mo kó náírà méjì-méjì mẹ́wàá lé ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́wọ́. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó fún mi ní bisikíìtì náà, ó sì kó owó mi padà fún mi. Ó ní, "Máa lọ, ọkọ mi. Ta ló fẹ́ gba èyí lọ́wọ́ tèmi náà?"

Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni mo jẹ ní ọjọ́ yẹn, inú mi dùn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé owó ọdún mẹ́rin ni obìnrin yẹn sọ fún mi pé kì í ṣe owó.

Àwọn kọ́ìnì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo Bournvita. Mo kó wọn jáde lẹ́yìn fọ́tò àǹtí mi. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: wọ́n ń dán. Wọ́n mọ́ ju 2p ti 1971 yẹn lọ fíìfíì. Imú Macaulay ò tíì fi ibì kankan jẹ. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ní orúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè é ní uncirculated, ìyẹn owó tí kò dé ọjà rí. Ní agbo tiwọn, bí owó ṣe mọ́ tó ṣe pàtàkì gan-an. Owó tó ti ti ọwọ́ alápatà bọ́ sí ọwọ́ kọndọ, tó ti ọwọ́ kọndọ bọ́ sí àpò akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán ara rẹ̀ á ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́. Èyí tí kò bá rin ìrìn kankan ló máa ń mọ́.

Torí náà tí ẹ bá rí owó Nàìjíríà tó ń dán báyìí, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́.

(Ní kíákíá: tí ẹ bá rí owó àtijọ́ nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o. Ẹ má fi Brasso nù ún, ẹ má fi iyanrìn fọ̀ ọ́. Ara rẹ̀ lẹ̀ ń họ kúrò. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ á wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, á mọ̀ pé ẹ ti họ ọ́, iye tó fẹ́ san á sì já wálẹ̀.)

Ó dáa. Báwo ni Lọ́ndọ̀nù ṣe ṣe tiwọn?

February 15, 1971 ni àwọn òyìnbó yí owó wọn padà. Kó tó dìgbà yẹn, kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè kan, ogún ṣílè ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan. Látọjọ́ yẹn, ó di ọgọ́rùn-ún pẹ́ńsì sí pọ́n-ùn kan. 2p àǹtí mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ NEW PENCE sí i lára. Láti 1971 títí di òní, ẹnikẹ́ni ò sọ fún 2p yẹn pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ibi tó tún dùn nibí yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìyípadà yẹn, wọn ò kó ṣílè àtijọ́ dànù. Bí ṣílè ṣe tóbi ni 5p tuntun náà ṣe tóbi, iye wọn sì dọ́gba, torí náà wọ́n jẹ́ kí méjèèjì jọ máa ná. Ó ná títí di ìparí 1990, nígbà tí wọ́n sọ 5p di kékeré. Ṣílè méjì àtijọ́ náà ń ná gẹ́gẹ́ bíi 10p títí di 1993. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Yorùbá kan tó lọ kàwé ní Lọ́ndọ̀nù ní 1985 lè ra búrẹ́dì, kí wọ́n fún un ní ṣílè 1947 mọ́ ṣéńjì, orí Ọba George VI lára rẹ̀, ọba tó ti kú láti 1952. Kò ní lọ sí mùsíọ́ọ̀mù. Búrẹ́dì lásán ló lọ rà.

Mi ò sọ pé wọn kì í pa owó o. Wọ́n pa ààbọ̀ pẹ́nì ní 1984. Wọ́n pa pọ́n-ùn roboto ní October 2017. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó kú.

Amẹ́ríkà tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́ǹtì kan tí wọ́n rọ ní 1909 ṣì jẹ́ sẹ́ǹtì kan lónìí. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n má fi bẹ́ẹ̀ rí àwọn àtijọ́ kan nínú ṣéńjì mọ́ ni pé àwọn èèyàn ló ń yọ wọ́n pamọ́. Títí di 1964, ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá àti ti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọn jẹ́ fàdákà. Nígbà tí ìjọba yọ fàdákà kúrò nínú rẹ̀ látọdún 1965, kí lẹ rò pé àwọn èèyàn ṣe? Wọ́n ná tuntun, wọ́n tọ́jú àtijọ́. Ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Tí náírà méjì bá wà lọ́wọ́ yín, ọ̀kan ya, ọ̀kan tuntun, èyí tó ya lẹ máa kọ́kọ́ fún kọndọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Kí òyìnbó tó kó owó onírin dé, owó ẹyọ là ń ná. Ẹyọ yẹn kéré, ó sì dára fún ọjà kéékèèké: ata wẹ́wẹ́, iyọ̀ díẹ̀, ẹ̀kọ méjì. Kọ́bọ̀ òyìnbó tóbi jù fún irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rọ ọ̀nínì. Ọ̀nínì mẹ́wàá ló jẹ́ kọ́bọ̀ kan, ẹgbàá ó lé irínwó (2,400) ọ̀nínì ló sì máa pé pọ́n-ùn kan. Tí ìyá yín bá ní "Mi ò ní fún un ní ọ̀nínì," owó tó ń sọ nìyẹn. Owó náà ti lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni tọ́rọ́ àti sísì. Kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀, copper ni.

Ọ̀nínì àkọ́kọ́, ti 1907 àti 1908, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn tó rọ ọ́ ò mọ ojú ọjọ́ wa. Ọ̀rinrin etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Láàárín 1908 yẹn náà ni wọ́n sáré yí i sí irin mìíràn tó lágbára jù ú lọ. Èyí tó bá mọ́ nínú ti àlùmíníọ́mù yẹn lónìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ibi gbígbẹ ló ti ń sùn.

Ọ̀nínì àti kọ́bọ̀ ní ihò láàárín, èèyàn lè fi okùn sín in bí wọ́n ṣe ń sín owó ẹyọ. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà wà lára rẹ̀. (Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Illuminati lábẹ́ òwú mi o. Àmì tí ìjọba amúnisìn fi sára àsíá Nàìjíríà nígbà yẹn náà ni.) Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀: àwa, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, owó kan náà la jọ ń ná. Láti 1913, fàdákà gidi ni ṣílè wa. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, wọ́n yí i sí idẹ ní 1920.

Ibi tí mo bá a dé nìyí nígbà tí mo bi mọ́mì mi bóyá ó rántí owó oníhò. Kò dá mi lóhùn. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó mú ìdì aṣọ kékeré kan jáde. Ti ìyá rẹ̀ ni, ìyá àgbà tó ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Dùgbẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, òwú dúdú so wọ́n pọ̀. Mẹ́jọ ti jẹ, ara wọn ti dúdú. Ọ̀kan mọ́. Mo kọ́kọ́ ń wá ọdún tó wà lára rẹ̀: 1936. Mo yí i padà, mo ka orúkọ ọba: EDWARDVS VIII.

Mo pariwo débi pé mọ́mì mi rò pé nǹkan gé mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ọba George V kú ní January 20, 1936. Ọmọ rẹ̀ Edward VIII gorí ìtẹ́. Ní December 11 ọdún kan náà, ó ti sọ̀kalẹ̀, torí obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Wallis Simpson, tó fẹ́ fi ṣaya. Kò lo ọdún kan. Ní ìlú rẹ̀, wọ́n ṣì ń palẹ̀ owó rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́. Àṣà wọn ni pé tí ọba kan bá kọjú sí ọ̀tún lára owó, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sí òsì. Edward ní òun ò gbà, ó ní ẹ̀gbẹ́ òsì òun ló dáa jù. Ẹ ò rí ọba tó fẹ́ ya sẹ́lífì! Kí wọ́n tó parí gbogbo ẹ̀, ọ̀gá ti lọ. Wọn ò kó owó tó ní orí rẹ̀ jáde fún aráàlú. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n fi dánra wò ló wà. Ní January 2020, Royal Mint kéde pé ẹnì kan ti ra owó wúrà kan ṣoṣo tó ní orí rẹ̀ ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Ṣùgbọ́n tiwa ní ihò. Níbi tí orí ọba ìbá wà, ihò ló wà níbẹ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n nílò, ẹnikẹ́ni ò ní láti dúró de àwòrán. Torí náà ní 1936, wọ́n ti rọ ọ̀nínì, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ Edward VIII, wọ́n ti fi ọkọ̀ kó o wá, ó ti ń ná lọ́jà wa. Ohun tí ará Lọ́ndọ̀nù ò rí gbà nínú ṣéńjì rẹ̀, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ rí i gbà ní Ìbàdàn. Kò mọ̀wé kà. Kọ́bọ̀ ni lójú tirẹ̀, ó sì dì í sétí aṣọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpótí ìyá àgbà yín: kò wọ́n o. Wọ́n rọ púpọ̀ gan-an nínú rẹ̀, iye tí wọ́n ń tà á ò ju owó oúnjẹ ọ̀sán kan sí méjì lọ. Owó Edward VIII tó rọrùn jù láti rà láyé, owó oníhò bíi tiwa wà lára rẹ̀. Mọ́mì mi kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ títà rárá.

Ṣé ẹ rí i, kọ́bọ̀ ìyá àgbà àti náírà inú kóló mi, méjèèjì ló mọ́, ṣùgbọ́n ìdí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tìyá àgbà mọ́ torí pé ó tó nǹkan tí èèyàn ń dì pamọ́. Tèmi mọ́ torí pé kò ra nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́. July 1, 1959, CBN kó owó Nàìjíríà tirẹ̀ jáde. Orí ọbabìnrin òyìnbó ṣì wà lára rẹ̀, kókó wà lára sísì, ẹ̀pà wà lára ṣílè méjì. A gba òmìnira, a di olómìnira tó ní ààrẹ ní 1963, orí ọbabìnrin ṣì wà nínú àpò wa títí a fi dé náírà. January 1, 1973, náírà dé: pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Tọ́rọ́ yẹ kó di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀, owó onírin yẹn ò sì sí, ló bá di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Owó 1973 yẹn lágbára. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí ìjọba ológun yí àwọ̀ owó bébà padà ní April 1984, tí gbogbo èèyàn ń tò ní báńkì, owó onírin ò mira. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́ngógó dé. Ní 1991, wọ́n rọ àwọn tuntun tó kéré, wọ́n sì sọ náírà kan fúnra rẹ̀ di owó onírin. Tí ẹ bá ní òòfà nílé, ẹ gbé e sún mọ́ kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti 1973, kò ní gbá a mú. Ẹ gbé e sún mọ́ náírà kan ti 1991: pà! Irin lásán ni inú rẹ̀, wọ́n kàn fi nǹkan dídán bò ó. Mo ti rí èyí tó dógùn-ún. Lẹ́yìn náà ni 2007 dé, ti kóló mi, nígbà tí náírà méjì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ra nǹkan kan mọ́. Kò sẹ́ni tó fòfin pa á. Ọjà ló pa á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tò lórí ìlà ATM ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 mọ bó ṣe ń rí tí owó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí kò ná. Ìyá kan wà níwájú mi lọ́jọ́ kan nígbà yẹn, ó di 1,000 àtijọ́ mọ́ra, ó ń bi gbogbo wa pé ṣé wọ́n ṣì ń gbà á. Àwa náà ò mọ̀. Lónìí ọ̀hún, wọ́n ń sọ pé wọ́n ń gbà á. Lọ́la, wọn ò gbà á mọ́. Ó tún di ọ̀tunla.

Lánàá, mo pe àǹtí mi. Mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi tọ́jú 2p 1971 yẹn, kó mú un bọ̀ ní December, mo fẹ́ tò ó ti kọ́bọ̀ ìyá àgbà àti náírà inú kóló mi, kí n ya fọ́tò wọn fún yín.

Ó ní, "2p wo? Mo ti ná an."